Ọbẹ̀dò Kì í Ṣe Ìdọ̀tí: Èdè-Ìperí fún Ẹja, Ewéko àti Omi Inú Àpótí Dígí ní Ìsẹ́yìn

1. Ìfáàrà

Bí olùkọ́ ìmọ̀ ẹ̀dá oníyè kan ní Ìsẹ́yìn bá gbé àpótí dígí kalẹ̀ sí ẹ̀bá fèrèsé iyàrá ìkẹ́kọ̀ọ́, tí ó pọn omi kún un, tí ó gbin òṣíbàtà sí ìsàlẹ̀ rẹ̀, tí ó fi ojú oró léfòó sí òkè, tí ó sì da ọmọ epìyà 12 sínú rẹ̀, ohun tí yóò ṣẹlẹ̀ láàárín ọ̀sẹ̀ mélòó kan kò ṣòro láti sọ tẹ́lẹ̀. Omi tí ó mọ́ gaara ní ọjọ́ kìn-ín-ní yóò bẹ̀rẹ̀ sí í di àwọ̀ ewé. Ara dígí yóò máa yọ̀. Fọ́nrán tútù yóò lọ́ mọ́ igi ewé òṣíbàtà. Àwọn akẹ́kọ̀ọ́ yóò sì wá bá olùkọ́ wọn, wọn yóò ní, "Ẹ wò ó, sà, omi ẹja ti dọ̀tí."

Bí olùkọ́ bá gba gbólóhùn yìí bẹ́ẹ̀, ohun tí yóò tẹ̀ lé e hàn kedere. Ohun tí ó bá dọ̀tí, fífọ̀ ni wọ́n ń fọ̀ ọ́. Wọn yóò da gbogbo omi náà nù, wọn yóò fi ọṣẹ àti kànrìnkàn fọ òkúta àti yanrìn inú rẹ̀, wọn yóò sì bu omi tuntun sí i láti ẹnu ẹ̀rọ. Kò ní pẹ́ tí púpọ̀ nínú ẹja náà yóò fi kú. Ẹni tí ó bá bèèrè ohun tí ó pa wọ́n yóò gbọ́ pé omi tí ó dọ̀tí tẹ́lẹ̀ ni. Òdì kejì ọ̀rọ̀ náà ni òtítọ́: ìfọ̀ ni ó pa wọ́n. Ẹnu ni àṣìṣe ọ̀hún sì ti bẹ̀rẹ̀ kí ó tó dé ọwọ́, nítorí pé orúkọ tí wọ́n pe ohun tútù náà ni ó sọ ohun tí ó yẹ kí wọ́n ṣe sí i fún wọn.

Iṣẹ́ yìí dá lé irú orúkọ bẹ́ẹ̀. Kókó rẹ̀ ni pé nínú ìmọ̀ nípa ẹja, ewéko àti omi, èdè-ìperí kì í ṣe aṣọ tí wọ́n kàn wọ̀ fún ìmọ̀ tí ó ti wà tẹ́lẹ̀. Òun ni ó ń darí ọwọ́ ẹni tí ó ń lò ó. Orúkọ mẹ́rin ni ó ṣe pàtàkì jù: ọbẹ̀dò, ẹrù ẹja, ajílẹ̀ omi àti ìwọ̀ntúnwọ̀nsì.

2. Ìdí tí ọ̀rọ̀ náà fi kan Ìsẹ́yìn

Aṣọ òkè ni ọ̀pọ̀ ènìyàn mọ̀ mọ́ Ìsẹ́yìn, ṣùgbọ́n ọ̀rọ̀ omi àti ẹja kò ṣàjèjì sí agbègbè náà. Odò Ògùn kò jìnnà sí i, ó sì jẹ́ lórí odò yìí ni wọ́n ti bẹ̀rẹ̀ dáàmù Ikere Gorge ní ìbẹ̀rẹ̀ ọdún 1980 sí 1989, èyí tí adágún rẹ̀ lè gba nǹkan bí mílíọ̀nù 690 mítà onígun mẹ́ta omi. Ní Òkè-Ògùn, bí ó ti rí ní ibi púpọ̀ ní ilẹ̀ Yorùbá lónìí, àwọn ènìyàn ń gbẹ́ ìkùdu, wọ́n sì ń fi búlọ́ọ̀kù mọ ọpọ́n omi láti sin ẹja àrọ̀ àti epìyà fún títà.

Àpótí dígí inú iyàrá ìkẹ́kọ̀ọ́ jẹ́ àwòrán kékeré ìkùdu bẹ́ẹ̀. Ohun tí ó pa ọmọ epìyà 12 nínú dígí lè pa ẹgbẹẹgbẹ̀rún nínú ìkùdu, owó oúnjẹ ẹja àti owó ilé-ìwé àwọn ọmọ yóò sì bá a lọ. Ìyàtọ̀ tí ó wà láàárín méjèèjì ni pé olówó ìkùdu kò lè rí ìsàlẹ̀ omi rẹ̀, ṣùgbọ́n akẹ́kọ̀ọ́ lè jókòó ti dígí kí ó sì fi ojú ara rẹ̀ rí bí ẹja, ewéko àti ọbẹ̀dò ṣe ń bá ara wọn gbé. Bí ọmọ náà bá kọ́ orúkọ tí ó tọ̀nà nídìí dígí, yóò gbé e lọ sí ìdí ìkùdu bàbá rẹ̀.

Ìgbàgbọ́ pé irú ẹ̀kọ́ bẹ́ẹ̀ ṣeé fi Yorùbá kọ́ kì í ṣe tuntun. Ní 1970 ni Ọ̀jọ̀gbọ́n Babs Fafunwa àti àwọn ẹlẹgbẹ́ rẹ̀ ní Yunifásítì Ifẹ̀ bẹ̀rẹ̀ iṣẹ́ ìwádìí ọlọ́dún mẹ́fà nínú èyí tí wọ́n fi Yorùbá kọ́ àwọn ọmọ ilé-ẹ̀kọ́ alákọ̀ọ́bẹ̀rẹ̀ ní gbogbo iṣẹ́, tí ó fi mọ́ sáyẹ́ǹsì. Ní 1984, Ọ̀jọ̀gbọ́n Ayọ̀ Bámgbóṣé ṣe olóòtú ìwé kìn-ín-ní Èdè-Ìperí Yorùbá. Ní 1990, Ọ̀jọ̀gbọ́n Ọládélé Awóbùlúyì ṣe olóòtú èkejì. Ẹ̀kọ́ èdè, lítíréṣọ̀ àti ọ̀nà ìkọ́ni ni àwọn ìwé méjì yìí dá lé. Iṣẹ́ pọ̀ tí ó ṣẹ́kù ní ti omi àti ohun tí ń gbé inú rẹ̀.

3. Ọbẹ̀dò

Ọ̀nà mẹ́ta ni ó wà fún ẹni tí ó fẹ́ sọ ohun tútù inú omi yìí lórúkọ. Ó lè yá orúkọ Òyìnbó, kí ó sì kọ ọ́ ní ìlànà Yorùbá. Ó lè ṣẹ̀dá orúkọ tuntun, bíi *ewédò, láti ara "ewé" àti "odò". Ó sì lè wá inú èdè wò bóyá orúkọ ti wà níbẹ̀.

Orúkọ yíyá kò ṣòro láti pè, ṣùgbọ́n kò sọ ohunkóhun fún ẹni tí ó gbọ́ ọ. *Ewédò dùn létí, ó sì rọrùn láti tú palẹ̀. Àbùkù rẹ̀ ni pé irọ́ méjì ni ó ń pa. Ohun tí ó ń tọ́ka sí kò ní ewé, kò ní gbòǹgbò, kò sì ní igi; ọ̀pọ̀ nínú wọn kò ju ẹyọ pádi kan ṣoṣo lọ, tí ojú lásán kò lè rí. Bákan náà, kì í ṣe inú odò nìkan ni ó ń gbé: ó wà nínú àmù, nínú ọ̀gbàrá tí ó dúró, lára ògiri tútù, àti nínú òkun.

Ọ̀nà kẹta ni ó dára jù. Gbogbo ẹni tí ó gbọ́ Yorùbá dáadáa ni ó mọ "àwọ̀ ọbẹ̀dò". Ohun tútù tí ń bo ojú omi tí ó dúró ni orúkọ náà ti wá. Lára rẹ̀ ni wọ́n ti yá àwọ̀. Ní etí ẹni tí ó bá tú u palẹ̀, "ọbẹ̀" àti "odò" ni ó ń dún nínú rẹ̀, bí ẹni pé odò se ọbẹ̀. Àfiwé náà bá ìmọ̀ sáyẹ́ǹsì mu ju bí ènìyàn ti lè rò lọ, nítorí pé ọbẹ̀dò ni oúnjẹ àkọ́kọ́ fún ọ̀pọ̀lọpọ̀ ẹ̀dá inú omi, epìyà fúnra rẹ̀ sì ń jẹ ẹ́.

Àtakò kan wà tí ó yẹ ní dídáhùn. Ẹnìkan lè sọ pé bí ọbẹ̀dò bá ti jẹ́ orúkọ àwọ̀, báwo ni wọn yóò ṣe wá pe èyí tí àwọ̀ rẹ̀ dà bí amọ̀ ní ọbẹ̀dò? Ìdáhùn wà nínú gírámà. Wọn kì í sọ pé "àwọ̀ ọbẹ̀dò" bí kò bá jẹ́ pé ọbẹ̀dò jẹ́ ohun kan tí ó ní àwọ̀, gẹ́gẹ́ bí "àwọ̀ ewé" ṣe fi hàn pé ewé wà. Ewé tí ó gbẹ, tí ó pọ́n, ewé náà ni. Nítorí náà, kò sí ohun tí ó burú nínú pípe oríṣi kan ní ọbẹ̀dò aláwọ̀ amọ̀.

Láti ara orúkọ kan yìí, ẹ̀ka mẹ́rin lè jáde tí yóò wúlò nídìí dígí. Èkíní ni ọbẹ̀dò olómi, èyí tí ó fọ́n káàkiri inú omi títí gbogbo omi yóò fi tutù bí omi ewédú. Èkejì ni ọbẹ̀dò olówùú, tí ó gùn bí fọ́nrán òwú. Ọmọ ahunṣọ ní Ìsẹ́yìn kò ní béèrè ìtumọ̀ rẹ̀ lẹ́ẹ̀mejì. Ẹ̀kẹta ni ọbẹ̀dò aláwọ̀ amọ̀, tí ó sábà máa ń bo dígí àti yanrìn nígbà tí àpótí bá ṣẹ̀ṣẹ̀ di lílò. Ẹ̀kẹrin ni ayédèrú ọbẹ̀dò: ó tutù, ó ń lo ìmọ́lẹ̀ oòrùn, ó ń tẹ́ bí awọ sórí yanrìn, ó sì ń rùn, ṣùgbọ́n bakitéríà ni, kì í ṣe ọbẹ̀dò gidi. Orúkọ rẹ̀ ti kìlọ̀ fún akẹ́kọ̀ọ́ pé kí ó má ṣe fi àwọ̀ nìkan dá ohun mọ̀.

4. Iye ẹja àti ẹrù ẹja

Nígbà tí ọbẹ̀dò bá pọ̀, ìbéèrè tí ó kàn ni: ẹja mélòó ni ó yẹ kí ó wà nínú omi náà? Ọ̀rọ̀ náà "mélòó" ti ṣi ènìyàn lọ́nà. Òfin àtijọ́ kan wà láàárín àwọn tí ń sin ẹja nínú dígí ní ilẹ̀ Òyìnbó, pé kí ẹja tí gígùn rẹ̀ jẹ́ ínṣì kan ní gálọ́ọ̀nù omi kan. Ní ti òfin yìí, ẹja mẹ́fà oní-ínṣì kan àti ẹja méjì oní-ínṣì mẹ́ta jẹ́ ọgbọọgba. Ṣùgbọ́n bí ẹja bá ṣe ń gùn, bẹ́ẹ̀ ni ó ń fẹ̀ tí ó sì ń sanra. Ẹja tí ó gùn ní ìlọ́po mẹ́ta yóò wúwo tó nǹkan bí ìlọ́po 27. Nítorí náà, bí wọ́n bá jẹ́ ẹ̀yà kan náà, ẹja méjì oní-ínṣì mẹ́ta yóò wúwo tó ìlọ́po mẹ́sàn-án ẹja mẹ́fà oní-ínṣì kan.

Ọmọ epìyà 12 tí olùkọ́ fi sínú dígí nígbà tí ọ̀kọ̀ọ̀kan gùn ní sẹ̀ǹtímítà 3 yóò ṣì jẹ́ 12 nígbà tí wọ́n bá gùn dé sẹ̀ǹtímítà 12. Iye wọn kò yí padà. Ìwúwo wọn ti di ìlọ́po 64. Ẹni tí ó ń ka iye kò ní rí ohun tí ó yí padà rárá.

Nítorí èyí ni "ẹrù ẹja" fi sàn ju "iye ẹja" lọ. Alágbàrù kì í ka iye ohun tí ó wà nínú agbọ̀n. Ìwúwo rẹ̀ ni ọrùn rẹ̀ ń mọ̀. Omi ni alágbàrù. Ẹja, oúnjẹ wọn àti ìgbẹ́ wọn ni ẹrù. Ẹrù ẹja lè pọ̀ sí i láìfi ẹyọ ẹja kan kún un, bí olùkọ́ bá kàn ń fún wọn ní oúnjẹ púpọ̀ jù. Ó sì lè dín kù láìyọ ẹja kúrò, bí ewéko bá pọ̀ sí i.

Orúkọ yìí tún ń gba ènìyàn lọ́wọ́ àṣìṣe mìíràn. Ẹja àrọ̀ ní ẹ̀yà ara kan lókè ìjàgbọ̀n rẹ̀ tí ó fi ń mí afẹ́fẹ́ òde, nítorí náà ó lè wà láàyè nínú omi tí epìyà kò lè gbé. Ẹni tí ó bá wo bí wọ́n ṣe ń kó àrọ̀ jọ sínú ọpọ́n omi, tí ó wá kó epìyà jọ bẹ́ẹ̀, iye ni ó wò. Kò wo ẹrù. Pé àrọ̀ kò tíì kú kò fi hàn pé omi dára.

5. Ajílẹ̀ omi

Kí ni ọbẹ̀dò ń jẹ? Ohun tí àgbàdo ń jẹ lóko náà ni: ìmọ́lẹ̀, afẹ́fẹ́ tí ohun abẹ̀mí ń mí síta, àti ajílẹ̀. Oúnjẹ ẹja ni ajílẹ̀ inú dígí ti ń wá. Bí oúnjẹ ẹja bá ní purotéènì tí ó jẹ́ ìdá 40 nínú 100, gíráàmù 10 oúnjẹ náà ní gíráàmù 4 purotéènì. Náítírójìn sì jẹ́ nǹkan bí ìdá 16 nínú 100 purotéènì, èyí tí ó jẹ́ gíráàmù 0.64. Ẹja kì í fi gbogbo rẹ̀ kọ́ ara. Èyí tí ó ju ìdajì lọ ni ó ń padà sínú omi. Nínú àpótí tí ó gba lítà 100, èyí ju mílígíráàmù 3 lọ nínú lítà kọ̀ọ̀kan láti ara oúnjẹ tí kò kún ọwọ́.

Ìhín ni ìfọ̀ pátápátá ti ń di ikú. Náítírójìn tí ó kúrò lára ẹja, amóníà ni ó kọ́kọ́ jẹ́, májèlé sì ni fún ẹja. Àwọn bakitéríà tí ń gbé lára òkúta, yanrìn àti dígí ni ó ń sọ amóníà di náítíráìtì, tí òun náà ń dí ẹ̀jẹ̀ ẹja lọ́wọ́ láti gbé ọ́síjìn. Àwọn bakitéríà mìíràn ni ó wá ń sọ náítíráìtì di náítíréètì, tí kì í ṣe ẹja ní jàǹbá bí kò bá pọ̀ jù, tí ewéko sì ń jẹ. Nínú àpótí tuntun, ó lè gba ọ̀sẹ̀ mẹ́rin sí mẹ́fà kí àwọn bakitéríà yìí tó pọ̀ tó. Ọṣẹ àti kànrìnkàn ń gbá wọn dànù ní wákàtí kan, oògùn apakòkòrò inú omi ẹ̀rọ sì ń pa èyí tí ó kù. Ẹja padà sínú omi tí ó mọ́ lójú, ṣùgbọ́n tí kò sí ẹni tí yóò gbé amóníà kúrò níbẹ̀.

Ìṣòro èdè kan hàn níbí tí ó yẹ kí àwọn olùtumọ̀ fi ọkàn sí. Náítíráìtì àti náítíréètì: fáwẹ̀lì kan péré ni ó yà wọ́n, bẹ́ẹ̀ ni ọ̀kan ń pa ẹja, èkejì sì ń bọ́ ewéko. Ẹni tí ó mọ Gẹ̀ẹ́sì dáadáa pàápàá ń ṣì wọ́n mú. Ti ọmọ tí ó ń gbọ́ ọ láti ẹnu olùkọ́ lásán kò ní yà ènìyàn lẹ́nu. Ní kíláàsì kékeré, ó sàn kí wọ́n pè wọ́n ní orúkọ iṣẹ́ wọn: májèlé kìn-ín-ní fún amóníà, májèlé kejì fún náítíráìtì, àti ajílẹ̀ omi fún náítíréètì. Orúkọ kẹ́mísírì lè tẹ̀ lé e ní kíláàsì gíga, nígbà tí ìtumọ̀ ti fìdí múlẹ̀.

Àǹfààní ńlá wà nínú "ajílẹ̀". Kò sí àgbẹ̀ ní Òkè-Ògùn tí kò mọ̀ pé bí wọ́n bá da ajílẹ̀ sí oko tí wọn kò gbin nǹkan sí, koríko ni yóò jẹ ẹ́. Bẹ́ẹ̀ gẹ́lẹ́ ni omi rí. Òṣíbàtà ni irúgbìn. Ọbẹ̀dò ni koríko. Àgbẹ̀ kì í fi ọṣẹ fọ oko nítorí koríko.

6. Ohun tí ń ṣẹlẹ̀ lóru

Ní ọ̀sán, ewéko àti ọbẹ̀dò ń tú ọ́síjìn sínú omi. Nígbà tí ilẹ̀ bá ṣú, iṣẹ́ yìí dúró, ṣùgbọ́n gbogbo ohun abẹ̀mí inú omi, àti ọbẹ̀dò fúnra rẹ̀, ń lo ọ́síjìn títí ilẹ̀ yóò fi mọ́. Nítorí náà, ìdájí ni ọ́síjìn ń kéré jù. Ooru tún ń dá kún un: omi tí kò ní iyọ̀ lè gba nǹkan bí mílígíráàmù 9.1 ọ́síjìn nínú lítà kan bí ó bá tutù dé 20°C, ṣùgbọ́n kò lè gbà ju nǹkan bí 7.6 lọ ní 30°C, irú èyí tí omi ń dé nígbà ẹ̀ẹ̀rùn ní ilẹ̀ ọ̀dàn. Ẹja tí ó ń yọ ẹnu sí ojú omi ní ìdájí kò bẹ̀bẹ̀ fún oúnjẹ; èémí ni ó ń wá.

Ìdí nìyí tí dída oògùn apọbẹ̀dò sínú omi fi léwu. Ọbẹ̀dò tí ó kú lẹ́ẹ̀kan náà yóò jẹrà, jíjẹrà rẹ̀ yóò sì gba ọ́síjìn tí ó kù. Èyí tí wọ́n fi bàbà ṣe ń pa ìṣáwùrú pẹ̀lú. Ajílẹ̀ tí ó fa ọbẹ̀dò kò sì lọ sí ibì kankan. Yóò bí òmíràn.

7. Ewéko, ìṣáwùrú àti ìwọ̀ntúnwọ̀nsì

Ní London, Robert Warington, onímọ̀ kẹ́mísírì, tẹ àbájáde ìdánwò kan jáde ní 1850. Ó fi ẹja wúrà méjì kékeré àti ewéko inú omi kan sínú ohun èlò tí ó gba nǹkan bí gálọ́ọ̀nù 12. Nígbà tí ewé bẹ̀rẹ̀ sí í jẹrà tí ohun tútù yíyọ̀ sì ń bo ara dígí, ó fi ìṣáwùrú mélòó kan sí i. Wọ́n jẹ èyí tí ó jẹrà, omi sì padà mọ́. Kò fọ ohun èlò náà. Ohun abẹ̀mí tí ó kù nínú ẹgbẹ́ ni ó fi kún un. Ní 1999, Diana Walstad ní Amẹ́ríkà ṣàlàyé nínú ìwé rẹ̀ pé ọ̀pọ̀ ewéko inú omi ń yan amóníà kí wọ́n tó yan náítíréètì. Èyí túmọ̀ sí pé ewéko kò dúró de bakitéríà. Wọ́n ń mú májèlé kìn-ín-ní kúrò kí ó tó ṣe ibi.

Ní Ìsẹ́yìn, ojú oró lè ṣe iṣẹ́ yìí dáadáa. Ewé rẹ̀ wà lójú afẹ́fẹ́, gbòǹgbò rẹ̀ wà nínú omi tí ó ń fa ajílẹ̀, òjìji rẹ̀ sì ń dín ìmọ́lẹ̀ tí ọbẹ̀dò ń rí kù. Nínú ìwúre, ojú oró ni àpẹẹrẹ ohun tí ó lékè omi. Ṣùgbọ́n bí ó bá lékè títí tí kò fi sí àyè kankan lójú omi, afẹ́fẹ́ kò ní ráyè wọlé, òṣíbàtà ìsàlẹ̀ kò sì ní rí ìmọ́lẹ̀. Ó yẹ kí wọ́n máa ṣẹ́ ẹ kúrò kí ó má ju ìdajì ojú omi lọ. Ní ti ìṣáwùrú, kí akẹ́kọ̀ọ́ má ṣe wọ inú odò lọ ṣà á, nítorí pé àwọn ìṣáwùrú kan ni ó ń gbé kòkòrò tí ń fa àtọ̀sí ẹlẹ́jẹ̀.

Orúkọ wo ni ó yẹ fún ipò tí gbogbo wọn fi ń bá ara wọn gbé láìsí jàǹbá? Ọ̀pọ̀ olùtumọ̀ ń lo "ìdọ́gba". Ìdọ́gba máa ń jẹ́ kí ènìyàn ronú nípa òṣùwọ̀n tí apá rẹ̀ méjèèjì tẹ́jú, tí ó sì dúró síbẹ̀. Kò sí irú ìdúró bẹ́ẹ̀ nínú omi, nítorí pé ẹja ń dàgbà lójoojúmọ́, ewé ń kú, ọjọ́ ń mú, ọjọ́ ń tutù. "Ìwọ̀ntúnwọ̀nsì" ni ó tọ́. Ìtúpalẹ̀ rẹ̀ ti sọ ohun tí ó yẹ ní ṣíṣe: kí wọ́n wọ̀n, kí wọ́n tún wọ̀n sí i. Nídìí dígí, èyí túmọ̀ sí pé kí ewéko pọ̀ kí ẹja tó dé. Kí ẹja kọ́kọ́ kéré. Kí oúnjẹ má ju èyí tí wọn yóò jẹ tán ní ìṣẹ́jú díẹ̀ lọ. Kí àpótí kúrò lójú oòrùn gangan. Kí wọ́n pààrọ̀ nǹkan bí ìdá kan nínú mẹ́rin omi lọ́sọ̀ọ̀sẹ̀ pẹ̀lú omi tí ó ti wà nínú ike ṣíṣí fún ọjọ́ kan. Kí wọ́n sì fi ọwọ́ yọ ọbẹ̀dò olówùú láìfọ yanrìn.

8. Àkójọ èdè-ìperí

Ọbẹ̀dò: ẹ̀dá oníyè inú omi tàbí ibi tútù, tí ó ń fi ìmọ́lẹ̀ pèsè oúnjẹ ara rẹ̀, tí kò ní gbòǹgbò, igi tàbí ewé.
Ayédèrú ọbẹ̀dò: bakitéríà tí ó ń lo ìmọ́lẹ̀ bí ọbẹ̀dò.
Ẹrù ẹja: àpapọ̀ ohun tí ẹja, oúnjẹ wọn àti ìgbẹ́ wọn ń dì lé omi.
Májèlé kìn-ín-ní, májèlé kejì: amóníà àti náítíráìtì.
Ajílẹ̀ omi: náítíréètì àti èròjà mìíràn tí ó yọ́ sínú omi, tí ewéko àti ọbẹ̀dò ń jẹ.
Ìwọ̀ntúnwọ̀nsì omi: ipò tí ẹrù ẹja kò fi ju agbára ewéko àti bakitéríà lọ, tí wọ́n ń pa mọ́ nípa wíwọ̀n léraléra.

9. Ìkádìí

Kò sí ọ̀kan nínú àwọn orúkọ yìí tí ó ṣàjèjì sí etí ará Ìsẹ́yìn. Ohun tí ó jẹ́ tuntun ni iṣẹ́ tí wọ́n yàn fún wọn. Àǹfààní wọn yóò hàn ní ọjọ́ tí akẹ́kọ̀ọ́ bá dé ìdí dígí, tí ó rí i pé omi ti di àwọ̀ ewé, tí kò sì wá kànrìnkàn mọ́. Ọ̀rọ̀ tí ó yẹ kí ó ti ẹnu rẹ̀ jáde ni pé, "Sà, ọbẹ̀dò ti pọ̀ jù. Oúnjẹ tí ẹ̀ ń fún ẹja ńkọ́?" Olùkọ́ tí ó bá gbọ́ ìbéèrè yìí lè fi ọkàn balẹ̀ pé ẹja náà yóò yè.